Ìkookò Inú Ẹ̀wọ̀n àti Àwa Tí A Ń Wòran

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí iwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn nìkan. Ó kan ẹranko pẹ̀lú, ẹ̀dá tí kò ní ẹnu tí yóò fi ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Àwọn kan lè wí pé, "Nígbà tí ọmọ ènìyàn kò tíì jẹun yó, kí ni ti ẹranko?" Mo bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó fi sùúrù kà á dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ ènìyàn àti ọ̀rọ̀ ẹranko so pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wọ̀n ti so ọwọ́ ọkùnrin kan pọ̀ mọ́ ọrùn ìkookò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Òṣòdì mọ̀ pé oríta ńlá ni. Láti ọdún 1901 ni ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ti gba ibẹ̀ kọjá. Títì Agége gba ibẹ̀, títì Àpápá gba ibẹ̀, ẹni tí ń lọ sí Ìkẹjà àti ẹni tí ń lọ sí Ìsọlọ̀ sì ń fi èjìká kan ara wọn níbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Fáṣọlá wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsọ̀ tí ó dí ojú ọ̀nà náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016 a tún wó ọjà Òwónífarí, ní ọdún 2019 sì ni a ṣí ibùdókọ̀ ńlá tuntun tí a kọ́ síbẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, èrò kò dínkù. Ibi tí èrò bá sì wà ni ẹni tí ń wá èrò ń lọ: oníwàásù ń lọ, alágbo ń lọ, onígúgúrú ń lọ, oníjìbìtì pẹ̀lú kò sì ní gbẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn tí ń kó ẹranko igbó kiri láti fi ṣeré.

Ní ilẹ̀ Òyìnbó, irú àwọn eléré bẹ́ẹ̀ ní àgọ́ ńlá tí wọ́n ń pa láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń pè ní sákọ́ọ̀sì. Nínú àgọ́ náà ni erin ti ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì dúró, tí kìnnìún sì ń fò la òrùka iná kọjá. Lọ́dọ̀ tiwa kò sí àgọ́. Ìta gbangba ni àgọ́ wọn, ìlù ni wọ́n fi ń pe ènìyàn, oòrùn ni fìtílà wọn, àwa tí a sì dúró yí wọn ká ni ògiri. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ ọmọ mi, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ń ti ọjà bọ̀ ní ẹ̀bá ojú irin, nígbà tí a gbọ́ ìlù. Ọmọdé kì í gbọ́ ìlù kí ó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó fà mí lọ́wọ́, a sì bọ́ sí àárín èrò. Ọkùnrin mẹ́ta wà láàárín agbo. Ọ̀kan ń lu ìlù, ọ̀kan ń ta àgúnmu àti oògùn inú ìgò, ẹ̀kẹta sì di ẹ̀wọ̀n irin mú ní ọwọ́ kan, ó mú ọ̀pá ní ọwọ́ kejì. Ìkookò ni ó wà ní ìparí ẹ̀wọ̀n náà, ẹranko tí àwọn Hausa ń pè ní kúrá. Wọ́n hun okùn bí àwọ̀n, wọ́n fi di ẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè la ẹnu dáadáa láti mí nínú ooru ọ̀sán náà. Ọ̀bọ kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ó wọ ẹ̀wù pupa tí a rán fún ọmọdé.

Nígbà tí ọkùnrin náà bá fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ìkookò á jókòó. Nígbà tí ó bá tún lù ú, á dìde. Ọ̀bọ á tàkìtì, á sì na ọwọ́ gba owó. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ju náírà sílẹ̀, wọ́n ń fi fóònù ya àwòrán. Ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ kan bá fun fèrè ní títì, ara ẹranko náà á gbọ̀n, á sì fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n á fà á padà.

Nígbà náà ni ọmọ náà gbé ojú sókè sí mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó ṣe tí wọ́n fi jù ú sí ẹ̀wọ̀n?"

Mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi."

Ó tún ní, "Ṣé ó mọ̀ pé eré ni wọ́n ń ṣe?"

Mo ní, "Mo rò pé kò mọ̀."

Ẹ wò ó, nínú èdè wa ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe irin tí a fi ń de nǹkan àti ilé tí a ń sé ọ̀daràn mọ́. Àgbàlagbà ti lo ọ̀rọ̀ náà títí kò fi ronú sí i mọ́. Ọmọdé ni ó gbọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá jalè ni a ń fi ẹ̀wọ̀n dè, a ó sì ka ọdún rẹ̀, ọdún náà á sì pé. Ẹranko yìí kò jalè, kò sì sí ẹni tí ó ka ọdún tirẹ̀.

Nígbà tí agbo tú, mo súnmọ́ ọkùnrin tí ó di ẹ̀wọ̀n mú. Ó ṣáájú mi kí mi pẹ̀lú ìtẹríba, ó ní, "Baba, ẹ kú ọ̀sán o." Mo ní, "Máláàmù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru." Mo bi í bí ó ti ṣe bọ́ sí iṣẹ́ náà. Ó ní iṣẹ́ bàbá òun ni, bàbá òun sì bá a lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Ó ní òun kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn rí, ọmọ mẹ́rin sì wà ní ilé tí ń retí ohun tí òun yóò fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo mẹ́nu ba ìyà tí ń jẹ ẹranko náà, kò bínú sí mi. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Baba, bí mo bá tú u sílẹ̀, ta ni yóò bọ́ wa?" Èmi kò ní èsì tí mo lè fún un lójú ẹsẹ̀, mo sì ti ń wá èsì náà láti ìgbà náà wá. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó yẹ kí a mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, nítorí irọ́ tí a ti pa mọ́ wọn pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2005, ayàwòrán ará Gúúsù Áfíríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pieter Hugo rí àwòrán kan tí a fi fóònù yà láti inú ọkọ̀ ní ìgboro Èkó. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fa ìkookò lọ nínú ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan ní olè tí ń ja báńkì ni wọ́n. Àwọn kan ní wọ́n ń bá olówó gba gbèsè. Àwọn mìíràn ní wọ́n ń ta oògùn olóró. Hugo wá wọn dé ẹ̀yìn odi Abùjá. Ohun tí ó bá níbẹ̀ ni ìdílé kan: àwọn ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ ìbátan ara wọn, ọmọdébìnrin kan, ìkookò mẹ́ta, ọ̀bọ mẹ́rin àti erè mélòó kan. Eléré àti olóògùn ìbílẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe olè. Hausa ń pè wọ́n ní Gadawan Kura. Ó bá wọn rìn fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó tún padà lọ bá wọn lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé àwòrán tí ó ṣe nípa wọn sì jáde ní ọdún 2007. Hugo sọ ohun kan tí ó yẹ kí a fi sí ọkàn. Ó ní ìgbà púpọ̀ ni àwọn ènìyàn ń bi òun léèrè ìyà àwọn ẹranko náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n bèèrè ni ìdí rẹ̀ tí ènìyàn fi ní láti mú ẹranko igbó kí ó tó rí oúnjẹ òòjọ́.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì kò pa ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹ̀dá tí ìkookò jẹ́. Nínú àlọ́ wa, òmùgọ̀ àti wọ̀bìà ni a fi í ṣe, a sì gbà pé òkú ẹran nìkan ni ó ń jẹ. Àwọn tí wọ́n ti wo ìṣe rẹ̀ nínú igbó mọ̀ pé ìkookò alámì tótòtó jẹ́ ọdẹ gidi, tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lé ẹran títí ọwọ́ rẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́. Òru ni ó ń rìn jù. Inú agbo ni ó ń gbé, agbo mìíràn sì lè tó 80. Abo ni olórí láàárín wọn, ọmọ a máa mu ọmú ìyá rẹ̀ ju ọdún kan lọ, igbe rẹ̀ sì lè dé ibi tí ó jìnnà tó kìlómítà márùn-ún, kí àwọn ẹbí rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ni ó ń ké. Ẹ wá fi èyí wé ohun tí mo rí ní ẹ̀bá ojú irin. Ẹ̀dá tí ń rìn ní òru ni a fi ń ṣeré ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀dá tí ń gbé láàárín agbo ni a mú ní òun nìkan. Ẹ̀dá tí ń fi ohùn mọ ẹbí rẹ̀ ni a fi okùn di ní ẹnu. Ọ̀bọ náà kò yàtọ̀, nítorí òun pẹ̀lú kì í dá gbé. Ẹ̀wù pupa tí a wọ̀ fún un pa wá lẹ́rìn-ín nítorí pé ó jọ wá. Ó sì yẹ kí ohun tí ó fi jọ wá náà mú wa ṣàánú rẹ̀.

Ewu tún wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Eyín ìkookò lè fọ́ egungun màlúù. Àìsàn dìgbòlugi ń bẹ pẹ̀lú, tí ó ń ti inú itọ́ ẹranko wọ ara ènìyàn. Kì í ṣe ajá nìkan ni ó ń ní in, ẹranko afọ́mọlọ́mú gbogbo ni ó lè ní in. Bí ẹranko bá bu ọmọ yín jẹ, tàbí tí ó ha á ní èékánná, ẹ fi omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe dúró wò ó títí di ọ̀la, nítorí nígbà tí àìsàn náà bá ti farahàn, ó ṣòro púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó là á já. Nípa ti oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà pẹ̀lú eré náà, mo bẹ yín, kí ẹ wo ara ìgò kí ẹ tó fi sí ẹnu ọmọ. Ọ́fíìsì NAFDAC wà ní Ìsọlọ̀, ní ojú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá. Kò jìnnà sí wa. Jíjókòó ìkookò kì í ṣe ẹ̀rí pé oògùn ń ṣiṣẹ́.

Òfin ńkọ́? Òfin wà. Nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti Nàìjíríà, ìpín 495 sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ìkà lu ẹranko, tí ó fi ìyà jẹ ẹ́, tí ó di ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ rù ú, tàbí tí ó dẹ́rù bà á, ti ṣẹ̀. Ó lè lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó san àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì. Àádọ́ta náírà! Lónìí, owó náà kò tó owó ọkọ̀ láti Òṣòdì dé Máfolúkù. Nígbà tí ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ bá kéré tó báyìí, ènìyàn á rò pé ẹ̀ṣẹ̀ náà kò tó nǹkan. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa tún ìpín náà wò.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbé ìgbésẹ̀. Ní ọdún 2009, ilẹ̀ Bolivia fi òfin de lílo ẹranko gbogbo nínú sákọ́ọ̀sì. Ní Amẹ́ríkà, sákọ́ọ̀sì Ringling, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, dá erin rẹ̀ dúró ní iṣẹ́ ní ọdún 2016. Ó pa ilẹ̀kùn dé ní ọdún 2017, nígbà tí ó sì padà wá ní ọdún 2023, ènìyàn nìkan ni ó ń ṣeré nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí a ṣe ní ọdún 2019 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, kò sì sí ẹranko igbó nínú sákọ́ọ̀sì aláàrìnkiri wọn mọ́. Ilẹ̀ Faransé ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2021, ó sì fún àwọn eléré ní àyè títí di ọdún 2028. Ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ìjọba kò sọ fún àwọn eléré pé kí wọ́n lọ jókòó sí ilé pẹ̀lú ebi. Ní ọdún 2019 ó ra erin mẹ́rin tí ó kù lọ́wọ́ wọn ní mílíọ̀nù 11 owó kurónà, kí àwọn erin náà lè sinmi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó súnmọ́ wa jù lọ ti ilẹ̀ Íńdíà wá, nítorí tálákà bí tiwa ni ọ̀rọ̀ kàn níbẹ̀. Àwọn ènìyàn kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Kalandar. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran ni wọ́n fi ń mú béárì kiri láti fi jó ní ojú ọ̀nà. Wọ́n á lu imú ẹranko náà, wọ́n á fi okùn bọ̀ ọ́, okùn náà ni wọ́n sì ń fà kí ó lè jó. Iṣẹ́ bàbá wọn ni, bí ti ọkùnrin tí mo bá sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Wildlife SOS bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn béárì náà ní ọdún 2002. Wọn kò gba béárì kí wọ́n sì fi olówó rẹ̀ sílẹ̀ ní òfo. Ẹni tí ó bá jọ̀wọ́ ẹranko rẹ̀ ni wọ́n fún ní owó tí ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn: ẹlòmíràn di awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹlòmíràn ṣí ìsọ̀, àwọn obìnrin wọn kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn ọmọ wọn sì lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí oṣù kejìlá ọdún 2009 fi parí, wọ́n ti gba béárì tí ó ju 600 lọ, iye ẹni tí ń fi béárì jó ní ojú títì sì ti di òfo.

Ẹ̀yin ará, èsì ìbéèrè Máláàmù nìyẹn. Kì í ṣe pé kí a tú ìkookò sílẹ̀ láìronú. Ìkookò tí a ti ọwọ́ ènìyàn bọ́ láti kékeré kò mọ bí a ti ń dẹ ọdẹ mọ́, bí a bá sì tú u sílẹ̀, yóò kú tàbí kí ó pa ènìyàn. Kì í sì í ṣe pé kí a ti ọkùnrin náà mọ́ ilé kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì sùn pẹ̀lú ebi. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ibi ààbò kan wà tí a ó gba ẹranko sí, kí iṣẹ́ mìíràn sì wà tí a ó fi fún ènìyàn, kí èyí tí ó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ náà jẹ́ bàbá, kí ó má ṣe jẹ́ ọmọ. Iṣẹ́ ìjọba ni, iṣẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú ni pẹ̀lú.

Ohun tí ó jẹ́ tiwa nínú ilé kò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí a ń jù sínú agbo ni ó ń ra ẹ̀wọ̀n. Bí a bá fẹ́ ran ọkùnrin náà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a fi fún un lẹ́yìn eré, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn sí ènìyàn. Kí a má fi fún un nítorí ọ̀pá tí ó na ẹranko. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín dúró ti ìkookò ya àwòrán, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó sọ̀kò lu ọ̀bọ. Bí ó bá fẹ́ rí ọ̀bọ, ẹ mú un lọ sí Lẹ́kí, sí ọgbà ìpamọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, kí ó rí ọ̀bọ lórí igi láìsí ẹ̀wù pupa àti láìsí ẹ̀wọ̀n. Yóò rí i pé ọ̀bọ tí ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún ń ṣeré ju èyí tí a ń nà lọ.

Kí a má sì ṣe sọ ọ̀rọ̀ yìí di èébú sí Hausa. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ bú wọn kọ́kọ́ dé ibùdókọ̀ Òṣòdì ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, kí ó wo adìyẹ tí a so ní ẹsẹ̀, tí a fi kọ́ sí ara ọ̀kadà pẹ̀lú orí nísàlẹ̀; kí ó wo ewúrẹ́ tí a ká mọ́ inú búùtù mọ́tò láti Ìbàdàn wá; kí ó wo ajá tí a so mọ́ ẹnu ọ̀nà láti ọdún dé ọdún láìtú u sílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò sí ní ọwọ́ Gadawan Kura. Ọwọ́ wa ni wọ́n wà, ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ wa sì ń wò wá. Ọmọ tí ó kọ́ láti rẹ́rìn-ín sí ìyà ẹranko kò ní pẹ́ kí ó tó kọ́ láti rẹ́rìn-ín sí ìyà ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé.

Àwọn bàbá wa kò dúró de òfin ìjọba kí wọ́n tó mọ èyí. Wọ́n ti wí pé ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó mọ bí ó ti ń dun ni tó. Ẹ kà á sí etí àwọn ọmọ yín ní alẹ́ òní, kí ẹ sì lọ wo ẹran tí ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé yín bóyá ó ti rí omi mu.